Àwòrán Ọkọ Mi Lára Ògiri Bàbá Mi

Wọ́n ti yọ àwòrán ọkọ mi kúrò lára ògiri kí n tó ti itẹ́ òkú dé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin la lọ sin lọ́jọ́ náà. A padà sí ilé bàbá wa ní Ajégúnlẹ̀, níbi tí kò jìnnà sí ọjà Boundary, kí àwọn èèyàn lè wá bá wa kẹ́dùn. Mo wọ pálọ̀, mo gbójú sókè bí mo ti máa ń ṣe, mo rí ìṣó lásán. Lábẹ́ ìṣó yẹn, ògiri mọ́ ju ibi yòókù lọ, ó sì ṣe ìwọ̀n férémù gẹ́lẹ́, bí ẹni pé ẹnìkan ti dúró síbẹ̀ láti ọdún pípẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò.

Àbúrò mi ọkùnrin ló yọ ọ́. Kò sẹ́. Ó jókòó sórí àga bàbá wa, ó na ẹsẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o. Àlejò ń bọ̀. Ẹni tó ta ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún ọ̀tá lójú ogun kò yẹ kó máa wo àlejò nínú ilé wa."

Mo ní, "Ta ló ta ta?"

"Ẹ má jẹ́ kí n sọ ọ́ níwájú èèyàn. Ṣé ẹ tiẹ̀ mọ ọkùnrin yẹn? Ẹ mọ̀ ọ́n lóòótọ́?"

Pálọ̀ kún. Gbogbo wọn ń wo ẹnu mi. N kò dá a lóhùn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ da iyẹ̀pẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n mi lórí ni. Àbúrò mi rò pé n kò ní ìdáhùn ni. Èmi ni mo kọ́ ọ ní a, b, d, lórí itan mi. Mo ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ tipẹ́, ṣùgbọ́n mo ṣì mọ bí wọ́n ṣe ń dáhùn ìbéèrè tán pátápátá. Ó béèrè bóyá mo mọ ọkọ mi. Ó tún sọ pé ọkọ mi ta àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Màá dáhùn méjèèjì.

Ìlàjẹ ni bàbá wa, ọkọ̀ ojú omi ló ń kàn ní Marine Beach. Lára àwọn tó máa ń yà sí ìsọ̀ rẹ̀ ni àwọn Kúrúmọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà Èkó ṣe ń pe àwọn ará etíkun Làìbéríà tó ń bá ọkọ̀ òyìnbó ṣiṣẹ́. Ìlà dúdú kan máa ń wà níwájú orí wọn, láti ibi tí irun ti bẹ̀rẹ̀ títí dé orí imú. Ọ̀kan nínú wọn kó ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjì dání wá sí Èkó, ó sì kú sójú omi. Ẹ̀gbọ́n wá iṣẹ́ sí wọ́ọ̀fù Àpápá, ó ń bá wọn kó ẹrù. Àbúrò bẹ̀rẹ̀ sí í bá bàbá mi di igi mú, ó ń po ọ̀dà, ó ń jẹun nínú abọ́ wa. Àbúrò yẹn ni ọkọ mi.

Nígbà ogun abẹ́lé tiwa, tí wọ́n ń gba ọmọ ogun, ó ní òun fẹ́ wọlé. Bàbá mi ló mú un lọ. Ọ̀gá tó ń gba orúkọ béèrè ìlú rẹ̀, ó wo ìlà iwájú orí rẹ̀ títí. Bàbá mi kò jẹ́ kó la ẹnu. Ó ní, "Ọmọ mi ni. Ìlàjẹ ni." Ọ̀gá náà mi orí, ó ní òun ti rí irú ìlà bẹ́ẹ̀ rí lọ́dọ̀ àwọn ará odò. Kò rí i rí níbì kankan. Ojú ni wọ́n fi ń mọ ọmọ ìlú nígbà yẹn, ojú bàbá mi sì ni ọ̀gá náà wò tó fi gbà. Bí ọkọ mi ṣe di ọmọ Nàìjíríà nìyẹn.

Ó wá di ọmọ Nàìjíríà ju gbogbo wa lọ. Bí rédíò bá ti bẹ̀rẹ̀ orin orílẹ̀-èdè, á dìde lórí ìjókòó, pẹ̀lú òkèlè ẹ̀bà lọ́wọ́.

"Tíṣà, dìde."

"Ẹ̀bà mi ń tutù."

"Dìde, mo ní. Orílẹ̀-èdè ni."

Èmi àti ọmọbìnrin wa á dìde, ọbẹ̀ á máa kán sílẹ̀. Mo máa ń rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Ẹni tí wọ́n bá bí sínú ilé kì í dúró kí ilé náà ní gbogbo ìgbà. Ẹni tí wọ́n gbà wọlé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ẹ̀rù ìlẹ̀kùn ń bà á.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa ń wá lọ́jọ́ Ìsinmi, pẹ̀lú ẹja gbígbẹ nínú ìwé ìròyìn. Èèyàn tí kì í yára ni. Ẹrù ti já lù ú rí nínú ọkọ̀, ìgúnpá rẹ̀ òsì kò nà mọ́. Òun ló máa ń dúró létí ihò ọkọ̀ tó ń fi ọwọ́ bá ẹni tó ń wa kéréènì sọ̀rọ̀. Awakéréènì kò lè rí ìsàlẹ̀. Ọwọ́ ọkùnrin yìí ni ojú rẹ̀. Tó bá na àtẹ́lẹwọ́ tó rọra ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ẹrù á máa sọ̀ kalẹ̀. Tó bá di ìkúùkù, ohun gbogbo dúró. Ó ti mọ́ ọn lára débi pé bí mo bá ń gbé ìkòkò kúrò lórí iná, á di ìkúùkù: "Ìyàwó wa, dúró, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ."

Èdè wọn ló máa ń fi bá ọkọ mi sọ̀rọ̀. Yorùbá ni ọkọ mi á fi dáhùn. Ẹ̀gbọ́n á rẹ́rìn-ín, á yíjú sí mi: "Ìyàwó wa, ẹ bá wa wo ẹnu Ṣójà yìí. Wọ́n ti fi kákí rán an pa."

Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1983, ìjọba pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé jáde nílùú. Àwa tí a wà ní Ajégúnlẹ̀ rí ohun tí ojú ń rí. Àwọn tí a jọ ń pín omi, tí a jọ ń sọmọ lórúkọ, di ẹni tó ń di ẹrù ní kíákíá. Wọ́ọ̀fù Àpápá kún fún èèyàn, wọ́n ń sùn sórí ẹrù wọn, wọ́n ń dúró de ọkọ̀. Wọ́n fi àwọn ṣójà sí géètì. Ọkọ mi wà lára wọn.

Àbúrò mi ń jíṣẹ́ kiri fún àwọn tó ń gba ẹrù jáde ní wọ́ọ̀fù nígbà yẹn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó wọlé wá bá wa.

"Àǹtí mi, ẹ bu oúnjẹ fún mi, ebi ń pa mí bí ẹni tó gbé ọkọ̀. Wọ́n ti kó Kúrúmọ̀ yẹn o!"

"Kúrúmọ̀ wo?"

"Ẹ̀gbọ́n ọkọ yín kẹ̀! Ó ń yọ́ kiri lẹ́yìn kọ̀ńténà, ó rò pé a kò rí òun. Mo kàn ṣẹ́jú sí ọlọ́pàá ni. Mo ní, 'Ọ̀gá, ọ̀kan rè é.'"

Mo gbé abọ́ kalẹ̀. Ọkọ mi wà nínú yàrá, ó ń fi áyọ́ọ̀nù eléédú lọ yunifọ́ọ̀mù rẹ̀, ìlẹ̀kùn sì ṣí sílẹ̀. Àbúrò mi kò rẹ ohùn sílẹ̀. Ńṣe ló tún gbé e sókè, nítorí ó rò pé ìyìn ni òun ń yin ọkọ mi.

"Ẹ̀yin ẹ gbọ́ ti Bọ̀dá Ṣójà! Ọkùnrin náà dé géètì, ó bá nawọ́ sí Bọ̀dá, ó ní, 'Àbúrò mi nìyẹn, ẹ bi í léèrè.' Ọ̀gá wọn yíjú, ó ní, 'Ṣójà, o mọ ọkùnrin yìí?' Àyà mi já! Bọ̀dá dúró gbagidi báyìí. 'Mi ò mọ̀ ọ́n, sà!' Ọkùnrin gidi! Wọ́n bá tì í sínú ọkọ̀."

Òórùn aṣọ tó ń jó ló mú mi sáré wọ yàrá. Ọkọ mi dúró, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí áyọ́ọ̀nù, èéfín ń jáde lábẹ́ rẹ̀. Mo gba áyọ́ọ̀nù náà. Ó ti jó wọ aṣọ dé orí tábìlì. Kò wò mí. Ó ní, "Tí mo bá sọ pé mo mọ̀ ọ́n, Tíṣà, ta ni mí?"

Mo mọ ohun tó ń sọ. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá jẹ́ ará Làìbéríà, òun náà kì í ṣe Ìlàjẹ nìyẹn. Irọ́ ni bàbá mi pa. Iṣẹ́ ṣójà ti tán, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló sì máa tì í sínú ọkọ̀ tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo mọ gbogbo ìyẹn. Síbẹ̀ mo ń rò ó pé irú gbólóhùn tí bàbá mi sọ nítorí rẹ̀ ní ọjọ́sí, òun ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń retí lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí tí àbúrò mi fi kó wọ yàrá tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ń gbé ní Marine Beach. Orí ibùsùn rẹ̀ ló sùn. Rédíò rẹ̀ ló ń gbọ́. Nígbà tí mo bi í pé kí ló dé, ó ní, "Ẹ fẹ́ kí eku máa gbé e ni?" Inú yàrá yẹn ló wà tó fi gbéyàwó. Mo fẹ́ kí gbogbo àwọn tó jókòó nínú pálọ̀ lọ́jọ́ náà mọ èyí, kí wọ́n sì mọ̀ pé òun ló jókòó sórí àga bàbá mi tó ń sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó ta èèyàn.

Ọkọ mi kò dárúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́. Ó ń dìde fún orin orílẹ̀-èdè bíi ti tẹ́lẹ̀, àní ó tún ń yára dìde ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ogun Làìbéríà bẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún bíi méje, ìjọba wa sì kó ọmọ ogun lọ síbẹ̀. Láti wọ́ọ̀fù Àpápá náà ni wọ́n ti wọkọ̀. Àwa ìyàwó dúró sẹ́yìn irin. Ẹni tó dúró tì mí ni ìyàwó ọ̀rẹ́ ọkọ mi. Télọ̀ ni, ìsọ̀ rẹ̀ wà ní òpópónà wa. Ṣójà ni ọkọ rẹ̀, ó kéré sí ọkọ mi, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ó pariwo sí mi láti inú ìlà:

"Tíṣà, ẹ má sunkún! Màá bá yín tọ́jú ọ̀gá mi. Bí ìbọn bá ti dún, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo máa sá sí. Ó sanra jù mí lọ!"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ẹ ò rí i? Ó ń lọ sójú ogun, ó ń ṣe bí ẹni tó ń lọ síbi ìsọmọlórúkọ."

Ọkọ mi kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọwọ́ sí iwájú orí rẹ̀, sórí ìlà yẹn, bí ẹni tí oòrùn ń pa lójú. Nínú gbogbo àwọn tó ń lọ, òun nìkan ló ń lọ sílé. Nínú àwa tí a dúró sẹ́yìn irin, èmi nìkan ni mo sì mọ̀; bàbá mi ti kú nígbà yẹn, àbúrò mi kò sì rò ó débẹ̀.

Ìròyìn ikú ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ dé. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n wá sọ ọ́ fún télọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí maṣíìnì, kò sì gbé e kúrò. Ó ń rán aṣọ náà lọ títí aṣọ fi tán lábẹ́ abẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ sì ń gún irin lásán.

Ọkọ mi dé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù. Ó rù. Mo se gbogbo ohun tó fẹ́ràn, ó ń fi ìka tì í kiri nínú abọ́. Rédíò bẹ̀rẹ̀ orin orílẹ̀-èdè, ọmọbìnrin wa dìde, ó dúró ṣánṣán bí bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ. Bàbá rẹ̀ kò dìde. Ọmọ wò ó, ó wò mí, ó rọra jókòó padà.

Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. A lè jókòó jẹ́ẹ́, ní ọ̀sán gangan, kí ọwọ́ òsì rẹ̀ ṣàdédé gbéra kúrò lórí itan. Ìgúnpá rẹ̀ á tẹ̀ bíi ti ẹni tí kò lè nà án mọ́. Á na àtẹ́lẹwọ́, á máa rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ á máa tẹ̀lé nǹkan tí ẹnikẹ́ni kò rí, bó ti ń sọ̀ kalẹ̀ láàárín yàrá wa. Tó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, á di ìkúùkù. Èmi náà á dá ohun tí mò ń ṣe dúró. Mi ò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi àyè sílẹ̀ láàárín yàrá. N kì í gbé àga síbẹ̀ mọ́. N kì í gba ibẹ̀ kọjá.

Gbogbo ìdájí, ó ń pọn omi fún télọ̀. Garawa méjì. Á gbé e kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, á sì yára kúrò kí ìlẹ̀kùn tó ṣí. Bí télọ̀ bá rí i lójú ọ̀nà, á kúnlẹ̀: "Ọ̀gá, ẹ ṣé o. Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí. Ọ̀gá, ṣé kò fi ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀ fún mi?" Ọkọ mi á wo ilẹ̀. Ó máa ń dáhùn pé, "Ó ń rẹ́rìn-ín ni."

Àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ pé Ṣójà ti gba opó ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ń sọ ọ́ ń kí mi tẹ̀rín-tẹ̀rín, wọ́n ń gbé ọmọ wọn wá síwájú mi ní ilé ìwé. Àbúrò mi tiẹ̀ wá bá mi, ó ní, "Àǹtí, ẹ la ojú yín. Omi kọ́ ló ń pọn." Mo lé e jáde. Ṣùgbọ́n irọ́ ni tí mo bá sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò wọ̀ mí lára.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan, mo jókòó níwájú ọkọ mi. Mo ní, "Ìwọ àti obìnrin yẹn, kí ló wà láàárín yín? Má parọ́ fún mi."

Ó ní, "Ọkọ rẹ̀ ló wà láàárín wa."

Ó wá sọ ọ́. Mo kọ ọ́ síbí bí ó ti sọ ọ́.

"Nígbà tí a kọ́kọ́ dé, mo ṣe iṣẹ́ mi. Ẹni tí wọ́n ní kí n mú, mo mú un. Àwọn obìnrin tó ń ta gbágùúdá lẹ́bàá ọ̀nà á wo iwájú orí mi, wọ́n á fọ èdè wa sí mi. N kì í dáhùn. Lọ́jọ́ kan, arúgbó kan béèrè pé ọmọ ta ni mí. Kí n tó mọ̀, mo ti dá a lóhùn, mo ti dárúkọ bàbá mi. Mi ò dárúkọ yẹn mọ́ láti ọjọ́ tí bàbá rẹ ti ní ọmọ òun ni mí. Arúgbó náà ní òun mọ̀ ọ́n. Ó fi ìka tọ ìlà orí mi láti òkè dé ìsàlẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, tí àwọn ṣójà ẹlẹgbẹ́ mi bá ń fi àwọn èèyàn ibẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, mi ò lè rẹ́rìn-ín mọ́, mi ò sì lè bá wọn jà.

"Èmi àti ọ̀rẹ́ mi la jọ ń ṣọ́ etí odò kan. Ní òdìkejì, àwọn kan ń kó àpótí sínú ọkọ̀. Mo gbé awò tó ń sún nǹkan mọ́ni sójú. Ọkùnrin kan dúró létí omi, ó ń fi ọwọ́ darí wọn. Ìgúnpá rẹ̀ òsì tẹ̀. Ó na àtẹ́lẹwọ́, ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ó di ìkúùkù. Tíṣà, mo mọ̀ ọ́n kí n tó rí ojú rẹ̀.

"Ọ̀rẹ́ mi kò gba awò lọ́wọ́ mi. Ó ní, 'Ọ̀gá, ẹ̀yin Ìlàjẹ lẹ ni omi. Ẹ bá mi wò ó. Ọ̀tá ni àbí apẹja?' Mo ní apẹja ni. Ó ní, 'Ṣé ẹ mọ̀ wọ́n ni?' Mo ní, 'Mi ò mọ̀ wọ́n. Apẹja ni wọ́n.' Ó gbé ìbọn rẹ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ bísíkíìtì. Bí mo bá jẹ́ ẹlòmíràn, á bi mí lẹ́ẹ̀kejì. Ìlàjẹ kì í ṣi ọkọ̀ mọ̀, òun ló gbà gbọ́.

"Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ìbọn dún láti òdìkejì odò yẹn. Ẹ̀yìn mi ni ọ̀rẹ́ mi sá sí, bó ti sọ fún yín ní wọ́ọ̀fù. Ọta náà gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó bá a. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ rín. Ó rò pé eré ni."

Rédíò aládùúgbò ń kọrin. Mo ní, "Ta ló lè sọ pé inú àpótí yẹn ni ọta náà ti wá?"

"Kò sẹ́ni tó lè sọ ọ́. Kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé kì í ṣe ibẹ̀." Ọwọ́ òsì rẹ̀ ti ń gbéra. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún dì í mú. "Ní géètì, mo ní mi ò mọ̀ ọ́n, mo fi í fún ọkọ̀. Ní odò, mo ní mi ò mọ̀ ọ́n, mo fi ọ̀rẹ́ mi fún un. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Èwo ni mo ṣe dáadáa?"

Ó ní òun fẹ́ lọ sọ fún télọ̀. Ó ní bó ṣe ń kúnlẹ̀ kí òun yẹn ló ń pa òun. Mo mọ̀ pé bí ó bá sọ ọ́, a kò ní lè gbé òpópónà yẹn mọ́. Bí kò bá sọ ọ́, kò ní sí ọkọ kankan nílé mi, àfi ọwọ́ yẹn. Mo ní, "Lọ."

Mo dúró lójú fèrèsé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀ télọ̀, kò wọlé, ó ṣí fìlà. Mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Télọ̀ kò pariwo. Ó fetí sí i títí ó fi parí, ó dìde, ó wọlé. Nígbà tó jáde, garawa méjèèjì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Omi ìdájí yẹn ṣì wà nínú wọn. Ó da omi náà sílẹ̀ síwájú ẹsẹ̀ ọkọ mi, ó da ojú garawa dé sórí pẹpẹ, ó sì padà sídìí maṣíìnì rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ mi kò sí nílé. Yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ wà lórí ibùsùn, ó ti lọ̀ ọ́ kanlẹ̀. Àwọn apẹja Marine Beach ní àwọn gbé e sọdá lọ sí Snake Island. Ẹnìkan níbẹ̀ ní òun rí i tó ń bá wọn sọ̀rọ̀ iṣẹ́ nínú ọkọ̀ kan tó ń lọ sí ìwọ̀ oòrùn. Bóyá ó wá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ, bóyá ó rí i, bóyá omi ló gbà á, kò sẹ́ni tó sọ fún mi títí di òní. Ó wá opó ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ kó tó kúrò nílùú. Èmi tí mo jẹun nínú abọ́ kan náà pẹ̀lú rẹ̀ láti ìgbà èwe, kò dágbére fún mi. Mi ò tíì dárí ìyẹn jì í, mi ò sì ní in lọ́kàn láti dárí ẹ̀ jì í.

Télọ̀ sọ ọ̀rọ̀ náà fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ ọ́ níbi tí wọ́n ti ń dirun. Ó dé etí àbúrò mi, ó sì fi pamọ́ sẹ́nu títí di ọjọ́ ìsìnkú.

Nítorí náà, àbúrò mi, ìdáhùn rẹ nìyí. Òótọ́ ni. Ó rí àwọn ọ̀tá, ó sì pè wọ́n ní apẹja. Mi ò ní fọ̀ ọ́ mọ́ fún un. Ṣùgbọ́n bí ìwọ kò bá ṣẹ́jú sí ọlọ́pàá, ọkùnrin tí ìgúnpá rẹ̀ tẹ̀ yẹn kì bá tí dúró létí odò kankan. Wọ́ọ̀fù Àpápá ni ì bá wà, tí á máa rẹ ẹrù sílẹ̀ fún kéréènì, tí á sì máa mú ẹja wá fún mi lọ́jọ́ Ìsinmi. Tí o bá ń wá ẹni tó kọ́kọ́ tà, lọ dojú kọ díńgí.

Mi ò sọ èyíkéyìí nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ṣì wà lórí ìdúró, tí mò ń wo ìṣó, nígbà tí ìlẹ̀kùn ṣí tí télọ̀ wọlé. Àgbà ti dé sí i, ọ̀pá ló fi ń rìn. Ó kí wa kú ara fẹ́ra kù. Ó jókòó, ó gbójú sókè sí ògiri.

Ó ní, "Níbo lẹ gbé e sí?"

Àbúrò mi dìde tìdùnnú-tìdùnnú. "Màmá, nítorí yín la ṣe yọ ọ́. Ohun tó ṣe sí yín, a kò lè máa fi ṣe ẹ̀ṣọ́."

"Nítorí mi? Ta ló rán yín?"

"Màmá, a rò pé..."

"Ẹ má rò fún mi. Ẹ gbé e padà."

Ó fi ọ̀pá gún ilẹ̀. "Ẹ gbé e padà síbẹ̀, mo ní. Ó ti sá mọ́ mi lójú lẹ́ẹ̀kan. Mo fẹ́ máa wá síbí, kí n máa wò ó. Mi ò tíì wò ó tán."

Àbúrò mi wọ yàrá lọ, ó gbé àwòrán náà wá láti abẹ́ ibùsùn. Ó gun àga bàbá wa, ó fi í kọ́ sórí ìṣó. Ó wọ́, mo sì ní kó tún un ṣe. Ọkọ mi ń wò wá láti òkè, nínú kákí, ìlà dúdú náà níwájú orí rẹ̀.

Télọ̀ ṣì máa ń wá. Kì í kí mi púpọ̀. A jọ máa ń jókòó nínú pálọ̀ yẹn, èmi níbí, òun lọ́hùn-ún, àárín yàrá á ṣófo. Ó ń wo ògiri. Èmi ń wo ilẹ̀ tó wà láàárín wa, mò ń dúró de ohun tí ọwọ́ ọkọ mi ń rẹ̀ sílẹ̀ láti ọjọ́ yìí, kó kan ilẹ̀.